Penelope Devereux ju ìràwọ̀ inú ewì lọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ náà ni mo tún gbé dé: ẹ má jẹ́ kí akéwì gba ìtàn obìnrin yìí mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo yín lẹ mọ Stella, ìràwọ̀ tí Philip Sidney, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ sónẹ́tì (ewì onílà mẹ́rìnlá) 108 àti orin 11 nítorí rẹ̀. Penelope Devereux, ẹni tí ìràwọ̀ náà jẹ́ gan-an, ni mo bá wá.

1563 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ni Earl (oyè ìjòyè ńlá) ti Essex. Lettice Knollys, ìyá rẹ̀, bá Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti England tan. Ó wu bàbá yìí kí Sidney fi ọmọ òun ṣaya, ṣùgbọ́n ó kú ní Dublin ní 1576, ọ̀rọ̀ náà sì bá a lọ. Ní 1581, wọ́n fa ọmọbìnrin náà fún Robert Rich. Ọlọ́rọ̀ ni ‘Rich’ túmọ̀ sí, Sidney kò sì jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí sónẹ́tì 37. Ó ní ahọ́n ń yún òun, kí àwọn olóyè tẹ́tí, òun fẹ́ pa àlọ́ kan nípa ayé òun. Ó wá ka ọrọ̀ obìnrin kan sílẹ̀: ọlọ́rọ̀ ẹwà, ọlọ́rọ̀ iyì, ọlọ́rọ̀ ọkàn. Àjálù kan ṣoṣo ló bá a, ó ní, pé Rich ló jẹ́. Mo fẹ́ràn àlọ́ yìí tọkàntọkàn. Síbẹ̀, ìrora ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀.

Sidney kú ní 1586. Àwọn tó ń pa ìwé dé níbẹ̀ ń bí mi nínú, torí obìnrin náà tún lo ọdún 21 láyé.

Ibí ni mo dé tí ìyá kan dìde lẹ́yìn, tí wọ́n ní, “Olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan ni?” Mo bá gbé ìwé tí mo ń kà sílẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀, ìyá mi. Ní Oṣù Kejì 1601, Robert àbúrò rẹ̀, tó ti jogún oyè Essex, ṣọ̀tẹ̀ sí Ọbabìnrin ní London. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó ní Penelope ló ń ti òun, tó ń sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń pe òun ní ojo. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Penelope kọ̀wé sí Earl ti Nottingham, ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ Ọbabìnrin, pé òun dà bí ẹrú fún Robert ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, pé ìfẹ́ ló sún òun ṣe é, kì í ṣe àṣẹ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fi hàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn ẹni tó ṣàgbà. Yorùbá á fi hàn: ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe ẹrú fún àbúrò, àbúrò náà ló sì nàka sí i nígbà tí ikú dé tán!

Àkókò ti lọ, kí n yára. Ó ti pẹ́ tó ti ń bímọ fún Charles Blount, Lord Mountjoy. Ní 1605, ilé ẹjọ́ ìjọ yà á nípa sí Rich, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá ọdún náà, àlùfáà kan, William Laud, so Penelope àti Blount pọ̀ bí tọkọtaya ní Wanstead. Inú bí Ọba James. Blount kú ní Oṣù Kẹrin 1606, Penelope ní Oṣù Keje 1607.

Nígbà tí a túká, ìyá yẹn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Sónẹ́tì kọ́ ni wọ́n ní kí n tún kà fún àwọn. Lẹ́tà 1601 yẹn ni.