Bàbá Káfíńtà: ilé tí wọ́n kọ́ ni mo fi ń wá wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ kú iṣẹ́ ajé. Èmi nìkan ni mo jókòó sórí ètò yìí lónìí, mi ò gba àlejò kankan, torí ọ̀rọ̀ bàbá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní London níbí ló fi ìwé ìkànìyàn 1921 hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé yẹn fáráyé, torí òfin ní kí wọ́n tì í pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ bàbá bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ilé tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn: káfíńtà. Inú mi dùn fún un gan-an, àmọ́ nígbà tí mo délé mo wá ń rò ó pé Bàbá Àgbà tèmi náà káfíńtà ni wọ́n, wọ́n sì tún ń mọlé, gbogbo abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀ wọ́n sí Bàbá Káfíńtà, ìwé wo ni màá ṣí tí màá bá wọn níbẹ̀? Wọn ò lọ síléèwé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ rí, wọn ò ṣiṣẹ́ ìjọba. Ilé tí wọ́n kọ́ ló kù.

Ni mo bá pe àǹtí mi tó wà nílé, àbígbẹ̀yìn Bàbá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé wo gan-an ni Bàbá kọ́? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo ni kí n kọ́kọ́ kà fún ẹ níbẹ̀?"

Wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọ́n á gbẹ́ amọ̀ nítòsí ibẹ̀, wọ́n á bomi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ sínú ẹ̀ wọ́n á máa fẹsẹ̀ pò ó títí á fi máa fà bí iyán. Ẹni tó nilé ló máa bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, òun ló máa fún wọn lóúnjẹ àti ẹmu, àmọ́ Bàbá kì í jẹ́ kí ẹmu dé ibẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn tó parí. Wọ́n á mọ ògiri dé orókún, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbé ipele míì lé e, torí ẹni tó bá kánjú, ògiri ẹ̀ á wó lulẹ̀ ni. Tí onílé bá lówó símẹ́ǹtì, wọ́n á fi ẹnu àdá ṣá ara ògiri káàkiri kí símẹ́ǹtì lè ríbi dì mú, wọ́n á wá rẹ́ ẹ. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ páànù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ Àǹtí bá mi ya fídíò. Ilé bàbá olóko kòkó kan ló kọ́kọ́ lọ, mo sì ti wo fídíò yẹn àwòtúnwò. Ìrókò ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀, igi tí ikán ò lè jẹ. Ibi tí igi ìdábùú ti pàdé igi ìdúró, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀: wọ́n gbẹ́ ihò sára ọ̀kan, wọ́n gé ẹnu èkejì kó ṣe rẹ́gí nínú ihò yẹn, wọ́n wá gbá èèkàn igi kékeré wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kó má baà yọ. Lókè àtẹ́rígbà, wọ́n fi pákó wẹ́wẹ́ ṣe oòrùn tó ń yọ, ìtànṣán ẹ̀ jẹ́ méje.

Ọmọ yẹn wá dé abúlé kejì, ó rí ilé kan tí Àǹtí ò dárúkọ rárá, oòrùn wà lókè ilẹ̀kùn, ó kà á, méje! Ó béèrè lọ́wọ́ màmá tó wà nínú ilé, wọ́n ní, "Bàbá Káfíńtà mà ni, àpò kòkó ni bàbá mi fi san owó ẹ̀ fún wọn." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo nínú yàrá mi.

Oòrùn yẹn jìnnà síbi tó ti wá o. Àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n wá padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835 ní Bahia, káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló kọ́ ọ. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ ń di ọ̀gá, nígbà tí owó kòkó sì dé, àwọn ará oko náà fẹ́ ilé tó jọ ti Èkó. Àǹtí ní Èkó ni ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ti kọ́ tiẹ̀.

Iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ pé Bàbá ń ṣe ni pósí. Wọ́n máa ń tọ́jú pákó sórí àjà nítorí ẹ̀, torí ikú kì í dá ọjọ́. Wọ́n á kanlẹ̀kùn lóru, kílẹ̀ tó mọ́ pósí ti jáde, tó bá sì jẹ́ ọmọ kékeré ló kú wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àǹtí ní lóru míì àwọn á gbọ́ kí ayùn àti òòlù máa dún nínú ṣọ́ọ̀bù láìséèyàn níbẹ̀, Bàbá á kàn dìde, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á máa retí ẹni tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ káfíńtà míì, mo sì gbà á gbọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ilé yìí ń lọ. Ilojo Bar ní Tinubu l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, ìjọba kéde ẹ̀ lọ́dún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016. Tírú ìyẹn bá lè lọ, ta ló máa gbèjà ilé amọ̀ lábúlé? Ilé àlùfáà tí Bàbá kọ́ ti di búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọmọ olóko kòkó yẹn náà ní àwọn fẹ́ fi ilẹ̀kùn onírin rọ́pò ti ìrókò yẹn. Mi ò bá wọn jà, ilé wọn ni, mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi dáná, kí wọ́n tà á fún mi pẹ̀lú oòrùn orí ẹ̀. A ṣì ń ná an lọ́wọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tiwọn, ó wá ku àwa gbẹ́nugbẹ́nu. Tí káfíńtà tàbí bíríkìlà bá wà nínú ìdílé yín, ẹ pe àgbàlagbà tó mọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ilé tí wọ́n kọ́, ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, àti ohun tí wọ́n máa ń fi sára iṣẹ́ wọn tẹ́lòmíì kì í fi sí i. Ẹ fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi, ẹ fi orúkọ abúlé yẹn kún un, màá gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú ètò tó ń bọ̀.