Láti orí fèrè dé ojú fèrèsé: eré ìdárayá nínú ìwé apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ ti ilẹ̀ Bírítéènì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìwé tí àwọn òbí wa máa ń gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n á ní ká lọ ka ìwé gidi. (Bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí. Ikọ́ nìkan ni mo yọ kúrò, àti àwàdà méjì tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí.)

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú páálí kan. Gbogbo ilé ń wá bàtà nínú rẹ̀, èmi ń wá àwòrán, nítorí The Beano àti The Dandy àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ páálí náà. Ohun tó rú mi lójú nígbà náà ni mo wá sọ lónìí. Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá nínú ìwé wọ̀nyẹn, n kò rántí ọ̀kan tí wọ́n gbá parí. Bọ́ọ̀lù á gbéra, èèyàn á máa retí kó wọ àwọ̀n, ojú fèrèsé aládùúgbò ló máa ń bá lọ.

The Dandy ló ṣáájú, ní 4 Oṣù Kejìlá 1937. The Beano tẹ̀ lé e ní 30 Oṣù Keje 1938. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń tẹ méjèèjì, D.C. Thomson ti ìlú Dundee, ní Skọ́tílándì. Torí náà ẹni tó bá pè wọ́n ní ìwé ará Ìńgílándì, kó má sọ ọ́ ní Dundee. Nígbà ogun tí bébà wọ́n, ọ̀sẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń pín mọ́ra wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, èkejì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1950, ẹ̀dà The Beano tó ń tà lọ́sẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 mílíọ̀nù. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà ò káwọ́ gbera: Buster jáde ní 1960, Whizzer and Chips ní 1969, Cor!! ní 1970.

Ṣùgbọ́n kí n tó wọnú ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí n ya àwọn ìbátan wọn kan sọ́tọ̀, àwọn ìwé tí eré ìdárayá wọn kò gba ẹ̀rín. The Wizard gbé Wilson jáde ní 1943: ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tí kò wọ bàtà, tí wọ́n bí láyé ọba tó ti kú tipẹ́, tó sì sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Roger Bannister tó jẹ́ ẹlẹ́ran ara bíi tiwa, 6 Oṣù Karùn-ún 1954 ló tó sá tirẹ̀ lábẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ní Oxford. Ọdún 1954 yẹn náà ni Roy Race, agbábọ́ọ̀lù inú ìtàn, wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Melchester Rovers, nínú Tiger. Nínú wọn, Alf Tupper ti The Rover, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ni tèmi. Wẹ́dà ni Alf. Á fi òru jó irin, á jẹ ẹja díndín àti pòtétò díndín látinú bébà ìwé ìròyìn, á sáré dé pápá pẹ̀lú oorun lójú, á sì fi ẹ̀yìn han àwọn ọmọ olówó tó ní olùkọ́ eré. Nínú ìwé irú èyí, ẹni tó gba ipò kìíní ni ìtàn. Bí Alf bá gba ipò kejì, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ọmọ tó ń kà á.

Ẹ wá ṣí ojú ìwé apanilẹ́rìn-ín kan, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín 1955 sí 1975. Àpótí àkọ́kọ́: ọmọkùnrin onírun wúruwùru kan di igi kíríkẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni tó fẹ́ pa ejò. Lẹ́yìn rẹ̀ lókè, lápá ọ̀tún, ilé kan wà, ilé náà sì ní fèrèsé. Ayàwòrán ò sọ nǹkan kan nípa fèrèsé yìí. Ọmọ tó bá ti ka irú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì ti mọ̀ pé wọn kì í ya fèrèsé síbẹ̀ fún ẹwà. Àpótí kejì: bọ́ọ̀lù ti lọ, ìlà tín-ín-rín gígékúgèé ló ń tọ́ka ọ̀nà tó gbà. Àpótí kẹta, ọ̀rọ̀ ńlá kan ṣoṣo gba gbogbo ojú rẹ̀, ìró gíláàsì. A ò tíì dé ibi kan o. Bọ́ọ̀lù gba inú ilé kọjá, ó ṣí fìlà bàbá arúgbó tó ń sùn, ó já sínú abọ́ ọbẹ̀ tó wà níwájú ìyàwó rẹ̀, ó fò gba fèrèsé kejì jáde, ó bá ọlọ́pàá lórí. Àpótí ìkẹyìn: bàbá ọmọ náà di sálúbàtà mú, ọmọ ti wà lórí itan. Sálúbàtà yẹn ni òǹtẹ̀ ìparí ìtàn Dennis the Menace, ọmọ aláìgbọràn inú The Beano, fún ọ̀pọ̀ ọdún látìgbà tó ti dé ní 1951, kó tó di pé ayé yí padà tí wọ́n dá a dúró.

Ó dáa. Ayò mélòó ni ọmọ yẹn gbà nínú eré náà? Kò sẹ́ni tó kà á.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ rè é. Pápá eré ni ibi kan ṣoṣo tí àgbàlagbà ti yọ̀ǹda fún ọmọ ilé ìwé kó sáré, kó pariwo, kó sì fi gbogbo agbára lu nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹfun fa ìlà yí pápá náà ká, wọ́n sì ki fèrè bọ olùkọ́ lẹ́nu. Ibi tí nǹkan bá ti ré ìlà ẹfun kọjá ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1954 tí Leo Baxendale ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé inú The Beano tí a wá mọ̀ sí Bash Street Kids, àwọn ọmọ yẹn lè gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n lè fa okùn, ẹni tó ń fun fèrè ni ìyà eré náà máa ń jẹ jù.

Ọ̀rọ̀ ipò àti ọlá náà wà ńbẹ̀. Kíríkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ aṣọ funfun àti koríko tí wọ́n gẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò fẹ́ ju kóòtù méjì tí wọ́n jù sílẹ̀ láti fi ṣe òpó. Lord Snooty, tó ti wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Beano, ọmọ ìjòyè ni, ó ń dé fìlà gíga, ilé ńlá ló ń gbé, ṣùgbọ́n yíyọ́ jáde ló ń yọ́ jáde lọ bá àwọn ọmọ tálákà ṣeré. Dudley Watkins tó ń yà á mọ ohun tó ń ṣe: fìlà gíga yẹn ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa ń rí.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà síbì kan. Lára wa tó lọ sílé ìwé ní Nàìjíríà mọ íńtá-háúsì: ilé pupa, ilé búlúù, ilé àwọ̀ ewé, ilé yẹ́lò, eré àpò, àti eré ṣíbí tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ sá dípò ẹyin. Ilé ìwé àwọn Òyìnbó la ti jogún rẹ̀. Nígbà tí mo rí eré àpò nínú The Dandy, mo rò pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí i.

Ọwọ́ ayàwòrán ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Bébà ò lè sáré, bọ́ọ̀lù orí bébà kì í yí. Malcolm Judge yanjú ìyẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Billy Whizz nínú The Beano ní 1964. Ọmọ tó ń sáré ju ìjì lọ ni Billy, irun orí rẹ̀ kò ju fọ́nrán méjì lọ. Ẹ wo àwọn fọ́nrán méjèèjì yẹn dáadáa. Bí Billy bá dúró, wọ́n dúró ṣánṣán. Bó bá sáré, wọ́n sùn sẹ́yìn, eruku wá gba ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà. Ní 1975, Judge yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ Ball Boy, ọmọ tí bọ́ọ̀lù ti yí lórí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà rí nǹkan mú bọ̀ wálé, ìyẹn ni mo fi gbà pé òótọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ti Melchester Rovers lọ.

Whizzer and Chips lo ọgbọ́n mìíràn. Ìwé méjì nínú ọ̀kan ni: Sid àti ejò rẹ̀ ló ni Whizzer, Shiner tí ojú rẹ̀ kì í yé dúdú nítorí ẹ̀ṣẹ́ ló ni Chips. Wọ́n ní kí òǹkàwé yan apá kan, kó má ka èkejì, àwọn ti ìhín á sì máa yọ́ wọ ojú ìwé àwọn ti ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ja Arsenal àti Chelsea nínú ilé kan náà, ó yé yín.

N kò ní fi oyin pa gbogbo rẹ̀. Orí èèpo The Beano ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ dúdú kan tó ń jẹ́ Peanut wà níbẹ̀ tó ń jẹ bàrà olómi, àwòrán ẹ̀gàn pọ́ńbélé. Walter tí kò fẹ́ràn eré líle sì jẹ ìyà lọ́wọ́ Dennis fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ lọ. Àwọn ọmọbìnrin ló ṣe mí ní kàyéfì: Minnie the Minx àti Beryl the Peril, 1953 ni àwọn méjèèjì jáde, wọ́n sì ń ta ìpá, wọ́n ń ja ìjàkadì, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo parí, ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló ń sanwó fèrèsé náà?” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, mo sì ti lọ wò ó látìgbà náà. Kò sẹ́ni tó ń san án. Ẹ ṣí ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ kejì, gíláàsì tuntun ti wà níbẹ̀, mọ́lẹ́mọ́lẹ́, ọmọ onírun wúruwùru náà sì ti tún di igi mú.