Ẹ Kọ́kọ́ Bi Obìnrin Náà, Kí Ẹ Tó Bi Fóònù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ sá lọ sẹ́yìn kí n má baà bi yín ní ìbéèrè. Mo ti rí yín.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn áàpù tó wúlò fún àwa tí a ń tọ́jú obìnrin. Àṣìṣe ara mi ni mo fẹ́ fi ṣí i. Obìnrin kan wọlé wá, ó ní oyún òun ti lé. Mo bi í ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Mo tẹ 4/3 sínú áàpù tó ń ṣírò ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Áàpù ní ọ̀sẹ̀ 36 àti ọjọ́ 5 ni oyún náà. Mo ti ń sọ fún un pé kó máa lọ sílé, pé ó ṣì kù. Ó wò mí títí, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Èmi ni mo gbé e.” Mo fi ìka kà á lórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ 41 géérégé! Bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ni áàpù yẹn ṣe ń kà á, oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló gbà pé mo tẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti sọnù láàárín ìka mi àti ojú fóònù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìṣirò áàpù náà pé pérépéré. Fóònù kò ní ẹnu tó fi ń bi aboyún léèrè. Ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé bí mo ṣe ń dárúkọ áàpù lónìí, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni màá máa tẹnu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká parí ti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ná. Gbogbo wa la kọ́ òfin tí wọ́n fi orúkọ Franz Naegele pè, dókítà ará Jámánì tó kú ní 1851: fi ọjọ́ 7 kún ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, kí o yọ oṣù 3. Fún obìnrin mi yìí, òfin yẹn máa gbé wa dé ọjọ́ 11 oṣù kejìlá. Bí a bá sì fún áàpù ní ọjọ́ tó tọ́, ọjọ́ 9 ló máa sọ. Àyà akẹ́kọ̀ọ́ á já, á rò pé ọ̀kan ń purọ́. Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Áàpù ka ọjọ́ 280 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin Naegele ń fò láti oṣù dé oṣù, oṣù kò sì gùn dọ́gba. Àwọn méjèèjì ló ti gbà láìbéèrè pé ọjọ́ 28 ni nǹkan oṣù obìnrin fi ń yípo. Ẹni tí tiẹ̀ ń tó ọjọ́ 35 ńkọ́? Ta ló bi í?

Áàpù ti ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin ní Amẹ́ríkà, ṣe dáadáa níhìn-ín, torí ó ń gba ọjọ́ nǹkan oṣù àti èsì skáànù pọ̀. Ìlànà wọn ni pé bí skáànù tí a ṣe kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 9 bá fi ohun tó ju ọjọ́ 5 yàtọ̀ sí ọjọ́ nǹkan oṣù, skáànù ni ká tẹ̀ lé. Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 21 lọ. Ẹni tó bá tìtorí ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ kan fi skáànù oṣù kẹjọ yí ọjọ́ oyún padà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa wàhálà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìlànà kan tó ń fi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí ipò 1 títí dé 4 gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó wà lára obìnrin: 1, ẹ máa lò ó, 4, ẹ má dán an wò. Tẹ́lẹ̀, páálí róbótó tí a ń yí ni. Ní báyìí ó wà lórí fóònù, CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, náà sì ní tiwọn. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan fẹ́ gba oògùn oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní ẹ́sítírójìn, èròjà ara obìnrin, nínú, ó sì ní orí máa ń fọ́ òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí tẹ “orí fífọ́”, áàpù gbé 1 jáde, ó ti mú bírò. Mo ní kó dúró. Mo bi obìnrin náà pé, “Kí orí yẹn tó bẹ̀rẹ̀, kí ni ojú yín máa ń rí?” Ó ní, “Iná ni, dókítà. Iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí oòrùn bá kan omi. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni orí á wá dé.” Máígíréènì tí àmì ojú ń ṣáájú ni. Ẹ tẹ ìyẹn sínú áàpù kan náà, fún obìnrin kan náà: láti 1, ó fò bọ́ sí 4, nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló wà láàárín wọn.

Bákan náà ni áàpù ASCCP, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Nígbà tiwa, a lè há a sórí: èsì báyìí, ṣe báyìí. Ìlànà wọn ti 2019 ti fòpin sí àhásórí. Ewu ni wọ́n ń ṣírò báyìí, láti inú èsì tòní àti ti àtẹ̀yìnwá. Bí ewu àìsàn tó ti fẹ́ di jẹjẹrẹ bá ti tó ìdá 4 nínú 100, ká fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹ ọrùn ilé ọmọ náà wò. Láìsí áàpù, ẹ kò lè rìn ín já. Àmọ́ áàpù máa béèrè èsì ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin á ní, “Wọ́n ní kò sí nǹkan kan.” Kò sí nǹkan kan nínú àyẹ̀wò wo? Ṣé ti HPV, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa jẹjẹrẹ náà, ni àbí ti sẹ́ẹ̀lì? Ẹ ní kó mú káàdì wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti agbẹ̀bí, bí ẹ kò bá tíì ní Safe Delivery App, ẹ wà á sórí fóònù yín lónìí. Maternity Foundation ní Dẹ́ńmáàkì ló ṣe é pẹ̀lú àwọn yunifásítì ibẹ̀. Fídíò aláwòrán ló kún inú rẹ̀: bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, bí a ṣe ń mú ọmọ tí kò sunkún mí. Bí ẹ bá ti wà á sílẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ni ẹ ó ti wò ó, léraléra, títí ọwọ́ yín fi máa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kò sí ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá fídíò. Ìwádìí WOMAN ti 2017, èyí tí obìnrin bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé gíráàmù 1 tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ń gba ẹ̀mí là bí a bá tètè fún un, láàárín wákàtí 3 tí ó bímọ.

Oògùn giri aboyún ni màá fi ṣe àkíyèsí kan tó kéré lójú. Áàpù á sọ fún yín pé kí ẹ fi gíráàmù 4 magnesium sulfate bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣan. Ó tọ́. Àmọ́ gíráàmù ni áàpù ń sọ, mílílítà ni abẹ́rẹ́ ń fà. Bí ìgò bá jẹ́ ìdá 50 nínú 100, mílílítà 8 ni gíráàmù 4, ẹ ó sì fi omi abẹ́rẹ́ là á kó tó wọ iṣan. Bí ó bá jẹ́ ìdá 20, mílílítà 20 ni. Ẹni tó bá fa 8 nínú ìgò ìdá 20, gíráàmù kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló fún un, á sì máa ṣe kàyéfì pé giri kò dáwọ́ dúró. Ẹ ka ara ìgò.

Báwo ni mo ṣe ń mọ áàpù tó ti gbó? Mo máa ń ṣí apá ìrọbí. Ní 2020, WHO gbé ìwé ìtọ́jú ìrọbí tuntun jáde, níbi tí ìrọbí gidi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọrùn ilé ọmọ bá ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5. Áàpù tó ṣì ń fa ìlà ìkìlọ̀ láti 4, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní tuntun, mo ti pa á rẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ tó kù: LactMed, tó wà lórí ìkànnì ilé ìkówèésí ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, fún oògùn tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lò, MDCalc fún òǹkà bíi ti Bishop, tó ń sọ bóyá ọrùn ilé ọmọ ti ṣetán fún ìrọbí, Anki, áàpù káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́, fún ìdánwò, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ káàdì yín, torí káàdì ẹlòmíì kì í pẹ́ lórí.

Ẹ má gbàgbé áàpù nǹkan oṣù tó wà lórí fóònù obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó lè na fóònù sí yín, “Ọjọ́ náà nìyí, dókítà.” Ẹ bi í bóyá òun ló tẹ ọjọ́ yẹn nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, tàbí áàpù ló sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ náà ni yóò dé. Mo ti rí ọjọ́ oyún tí a gbé lé orí àsọtẹ́lẹ̀ áàpù. Bí ó bá ń fi í ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sọ òótọ́ fún un: Natural Cycles, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2018, nínú obìnrin 100 tó ń lò ó fún ọdún kan, nǹkan bí 7 máa lóyún. Ẹ sọ ti àṣírí náà. Ní 2021, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, bá Flo, áàpù nǹkan oṣù kan, parí ẹjọ́ kan. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn tó ń lò ó ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Facebook àti Google, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí àṣírí.

Nígbà tí àyè ìbéèrè ṣí, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní fóònù òun ti kún, èwo nínú gbogbo èyí ni kí òun yọ kí Safe Delivery lè ráyè? Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí fọ́tò wà, kó pa àwòrán àwọn aláìsàn tó yà ní wọ́ọ̀dù rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ìlà ẹ̀yìn sì dákẹ́. Mo rí ẹni mẹ́ta tó mú fóònù jáde.