Ẹ̀rù Tó Ní Ìtàn Nínú: Kí Ló Ń Fa Àwọn Èèyàn Kan Sídìí Géèmù Abanilẹ́rù?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Géèmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àwọn géèmù abanilẹ́rù ni, táwọn èèyàn díẹ̀ kóra jọ ṣe láìsí iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, ìtàn ló gbé wọn ró, o ò ní yìnbọn pa ogún èèyàn kó o tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé FIFA ni ọ̀pọ̀ yín ń gbá, kò burú, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn irú èyí máa ń fẹ́ràn ẹ̀ dé mùdùnmúdùn eegun ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Detention, táwọn Red Candle Games ní Taiwan gbé jáde lọ́dún 2017. Láàárín 1960 sí 1969 nìtàn ẹ̀ wáyé, nígbà tí òfin ológun ṣì wà níbẹ̀, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949 tí wọn ò sì fòpin sí àfi 1987. Ìwé lásán téèyàn kà lè gbé e dẹ́wọ̀n, ó tiẹ̀ lè gbẹ̀mí ẹ̀. Ilé ìwé girama kan ló ti ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fang Ray-shin là ń tẹ̀ lé kiri. Tí òkú bá yọ sí ẹ lọ́nà, kò sí ohun ìjà kankan lọ́wọ́ ẹ, ńṣe lo máa di èémí mú, wàá rọra máa kọjá lára ẹ̀, èémí yẹn ò sì lè pẹ́. Tàbí kó o gbé abọ́ ìrẹsì kan sílẹ̀ fún un, bójú ẹ̀ bá ti wà lára oúnjẹ, o yọ́ lọ. Wọn ò kàn hùmọ̀ ìrẹsì yẹn o, bí wọ́n ṣe ń fún òkú lóúnjẹ lọ́hùn-ún náà nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbá a fúnra ẹ̀, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Òkú kọ́ ló bani lẹ́rù jù níbẹ̀. Fang fúnra ẹ̀ ló lọ bá ológun tó wà nílé ìwé wọn, tó tú àṣírí ẹgbẹ́ tó ń ka ìwé tí ìjọba fòfin dè, owú ló sún un débẹ̀, wọ́n bá kó tíṣà, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àánú ẹ̀ sì ti ń ṣe ẹ́ látàárọ̀, ìwọ lò ń fọwọ́ ara ẹ mú un ṣílẹ̀kùn! Fíìmù lè fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì hàn ẹ́, àmọ́ níbí, ọwọ́ ẹ wà níbẹ̀. Èmi ò rí ohun míì tó ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀.

Fran Bow náà ń bẹ, tọkọtaya kan ní Sweden ló ṣe é lọ́dún 2015, ìtàn ọmọ kékeré kan tí wọ́n pa òbí ẹ̀ ni, tó bá ti gbé oògùn mì, yàrá kan náà á yí padà, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lára ògiri.

Ẹni tó ti iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀, ó lè má fẹ́ ìbànújẹ́ kún ìbànújẹ́, mi ò bá a jà. Iléeṣẹ́ tó ná owó rẹpẹtẹ ò sì ní lè ṣe irú géèmù yìí, torí ó gbọ́dọ̀ tà fún gbogbo èèyàn. Ẹ wo Mundaun, 2021: Michel Ziegler, ọmọ Switzerland, fi pẹ́ńsù ya gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́, ó wá ní kí wọ́n máa sọ Romansh nínú ẹ̀, èdè orí òkè táwọn tó ń sọ ọ́ ò pọ̀ rárá. Iléeṣẹ́ ńlá wo ló máa gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Detention ò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Kó ṣáà ti earphone bọ etí.