Omi, Òkè àti Kẹ̀kẹ́: Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Tọ Ojú Ogun Flanders

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Flanders, ní ìwọ̀-oòrùn Bẹ́ljíọ̀mù, láti wo ojú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló máa ń kó orúkọ itẹ́ òkú mẹ́wàá jọ, tí wọ́n á fi ìlà so wọ́n pọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n á wá máa sáré láti ọ̀kan dé èkejì. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, òkúta ibojì ni wọ́n rí, wọn ò rí ogun náà. Ìmọ̀ràn tí a mú wá lónìí ni pé kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mú yín lọ. Omi àti òkè ló pinnu ibi tí wọ́n gbẹ́ yàrà sí láti 1914 dé 1918, àwọn òkè ọ̀hún ò sì ga rárá. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti fi ọgbọ̀n mítà ga sí i. Itan ẹni tó ń tẹ kẹ̀kẹ́ á sọ fún un.

Etí òkun la ti ń bẹ̀rẹ̀, ní Nieuwpoort. Reluwé kò dé ibẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Veurne (tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ti èèyàn, ẹ ra méjèèjì), kí ẹ wá gba ẹ̀bá odò àgbẹ́ tó so ìlú méjèèjì pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 11. Ẹ wá ibi tí wọ́n ń pè ní Ganzepoot, lẹ́bàá ìrántí Ọba Albert Kìíní, níbi tí àwọn ilẹ̀kùn omi mẹ́fà ti pàdé. Má yára kúrò níbẹ̀ o. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 1914, agbára ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù tó ń dá Jámánì dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Karel Cogge tó ń mójú tó ọ̀nà omi agbègbè Veurne, àti Hendrik Geeraert tó jẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi, ni wọ́n fọ̀nà hàn wọ́n: bí òkun bá ti kún, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí omi iyọ̀ ya wọlé, kó tó di pé òkun fà, kí wọ́n tì í pa. Alaalẹ́ ni omi ń lé sí i lórí ilẹ̀ àkúrọ̀ tó wà láàárín odò IJzer àti ojú irin Nieuwpoort sí Diksmuide. Wọ́n ti dí gbogbo ihò tí omi lè gbà kọjá lábẹ́ ojú irin náà. Omi ọ̀hún kò jìn tó ohun tí ọkọ̀ ojú omi ń fẹ́, àmọ́ kò sí ọmọ ogun tó lè fẹsẹ̀ là á kọjá, torí kò mọ ibi tí kòtò wà nísàlẹ̀. Bí àwọn ará Jámánì ṣe há sí òdìkejì nìyẹn fún ọdún mẹ́rin.

Ojú irin yẹn ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ báyìí, Frontzate lorúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́tò kò sì sí níbẹ̀. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ àwókù ibùdókọ̀ Ramskapelle. Ẹ dúró lórí ọ̀nà, kí ẹ wo pápá tó wà lápá òsì: ìyàtọ̀ gíga yín sí ti koríko yẹn kò ju ìwọ̀n ọmọdé kan lọ. Gbogbo ohun tó ya ọmọ ogun kan sọ́tọ̀ sí omi nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí ẹ wọ Diksmuide, ẹ yà sí Dodengang, yàrà tí àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù gbẹ́ sí etí IJzer. Àpò yanrìn tí ẹ máa rí níbẹ̀, kọnkéré ni wọ́n rọ sínú rẹ̀ kó má baà jẹrà. Nínú ìlú, ilé ìṣọ́ IJzertoren tó ga ní mítà 84 ni gbogbo ènìyàn máa ń yà ní fọ́tò. Ohun tí kì í sábà sí lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà ni pé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń jà fún Faransé, Tirailleurs Sénégalais, wà lára àwọn tó di Diksmuide mú pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé kó tó bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1914.

Láti Diksmuide, ẹ tẹ̀lé IJzer lọ sókè títí dé Knokke, ibi tí odò àgbẹ́ Ieper ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá yà sí etí odò àgbẹ́ náà wọ ìlú Ieper, níbi tí ọjọ́ kìíní parí sí. Steenstrate wà lójú ọ̀nà. Lágbègbè yìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1915, ni Jámánì ti tú afẹ́fẹ́ olóró chlorine sílẹ̀ lu àwọn ọmọ ogun Faransé, tí àwọn ará Algeria pọ̀ nínú wọn. Chlorine wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, inú yàrà tí èèyàn sá wọ̀ gan-an ló ń ṣàn lọ. Kí ẹ tó wọ ìlú, Essex Farm wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú àwọn yàrá kọnkéré tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Afẹ́fẹ́ gidi náà ńkọ́? Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀, igi tí yóò dá a dúró kò sì pọ̀. Lórí Frontzate, yóò máa gbá yín lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn Diksmuide, yóò kọjú sí yín. Ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn lè yí ọ̀nà náà po, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ieper. Lójú tiwa, ìtàn náà yé èèyàn jù láti etí òkun wá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹrù yín kéré.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wá kàn. Táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 35 ló dáa jù, torí pé ojú ọ̀nà oko ibẹ̀ jẹ́ pátákó kọnkéré tí wọ́n tò, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àlàfo tó ṣe gbọọrọ lọ síwájú ló léwu: táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á bọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á kọ̀ láti yí, ilẹ̀ ló kàn. Ẹ máa là á kọjá ní ìdábùú, ẹ má fẹ̀gbẹ́ rìn ín. Fún ẹni tó wọn kílò 75 pẹ̀lú ẹrù kílò 12, afẹ́fẹ́ bar 3 níwájú àti 3.5 lẹ́yìn tó. Bó bá rọ̀ jù, etí òkúta á fún túùbù mọ́ irin, ihò méjì tó dojú kọ ara wọn lẹ á bá lára rẹ̀. Bó bá le jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òpópónà olókùúta, bíréèkì ò ní mú dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá gé igi ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀gbẹ́ oko ni ẹ̀gún máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọwọ́ wá inú táyà kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún tú u láìpẹ́. Ní àsìkò ìkórè, katakata máa ń kó ẹrẹ̀ sójú ọ̀nà, tí òjò bá sì rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Sípóòkù ẹ̀yìn ló sábà máa ń já nítorí ẹrù, ní ibi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù, irin àárín táyà. Bí ẹyọ kan bá já, rímù á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ tú sípóòkù méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ la ẹnu bíréèkì díẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà á gbé yín délé.

Nípa ọ̀nà, Bẹ́ljíọ̀mù ti fi nọ́ńbà sí àwọn oríta ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Hugo Bollen, ẹnjiníà ibi ìwakùsà, ló mú èrò náà wá láti inú ihò kùsà, Limburg sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1995. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oríta tí ẹ máa gbà lọ́jọ́ náà sórí ìwé pẹlẹbẹ, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Fóònù lè kú. Níbi tí kò bá sí àmì kankan ní oríta, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, ìbáà jẹ́ katakata.

Ọjọ́ kejì, ẹ jáde sí ìlà-oòrùn Ieper: Langemark, Poelkapelle, Passendale, kí ẹ gba Zonnebeke padà. Langemark ni itẹ́ òkú àwọn ará Jámánì, ó ju 44,000 èèyàn tó wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gíga tó wà láàárín Ieper àti Passendale kò pé mítà 40, ẹ lè má yí jíà rárá. Síbẹ̀, láti ọjọ́ 31 oṣù Keje dé ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1917 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn alájọṣe wọn fi rá pálá gun ún nínú ẹrẹ̀. Ní Tyne Cot, níbi tí ibojì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 12,000, ẹ kẹ̀yìn sí àgbélébùú ńlá àárín rẹ̀, tí wọ́n kọ́ lé orí ilé kọnkéré Jámánì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ilé ìṣọ́ Ieper ló hàn. Ẹni tó bá ní ìbọn ńlá níbí, kò sí ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ lè ṣe ní bòókẹ́lẹ́. A kì í gun kẹ̀kẹ́ wọ inú itẹ́ òkú, a kì í sì fi í ti ògiri rẹ̀. Àpótí kékeré wà lára ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé orúkọ àti àwòrán ìlà ibojì wà nínú rẹ̀.

Gúúsù Ieper ni ọjọ́ kẹta, Kemmel àti Mesen. Kemmelberg ga ní mítà 156, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, ibì kan sì wà tó ń ga ju mítà 20 lọ nínú 100. Jíà tí eyín ẹ̀yìn bá tó ti iwájú, 34 sí 34, la fi ń gun ún. Ẹ jókòó, kí táyà ẹ̀yìn lè di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá dìde dúró lórí òkúta tútù, táyà á máa yí lásán. Láti ibẹ̀ lọ sí Spanbroekmolen. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1917, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tanná ran ohun abúgbàù 19 tí wọ́n ti rì sábẹ́ òkè Mesen. Ihò ti Spanbroekmolen ti di adágún báyìí. Àwọn kan wà tí wọn ò tanná ràn lọ́jọ́ náà. Àrá sán lu ọ̀kan ní 1955, ó pa màlúù kan.

Ìyẹn mú wa dé orí ọta àgbá. Títí di òní ni àwọn àgbẹ̀ ń hú u jáde, wọ́n sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná kí àwọn ọmọ ogun tó ń pa bọ́ǹbù wá kó o. Ó dà bí irin ìpẹtà lásán. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ẹsẹ̀ yí i, ẹ má sì ronú àtigbé e wálé, òfin kò gbà á. Afẹ́fẹ́ olóró wà nínú òmíràn, ara irin rẹ̀ sì ti jẹrà. Bí ẹ bá rí i nínú oko tí kò sí èèyàn, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ wà lórí máàpù, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe 112.

Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n lè wo ayẹyẹ fèrè Menin Gate kí wọ́n sì tún wọ reluwé padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń fun fèrè náà lójoojúmọ́, lábẹ́ ẹnubodè tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ju 54,000 sí, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró, èrò sì ń pọ̀, nítorí náà ẹ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ibòmíràn ṣáájú àkókò. Ibùdókọ̀ reluwé wà ní òdìkejì ìlú, ojú irin rẹ̀ sì gba Kortrijk lọ. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn láàárọ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù.