Ibi Tí Àlejò Máa Jókòó Sí: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Bá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wọn Rìnrìn Àjò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn alátìlẹyìn bọ́ọ̀lù ní Adó-Èkìtì, tí a tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò sí níjòkòó.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Mo kí àwọn tó wá láti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé Ekiti United, mo sì kí ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń bá Ekiti Queens kiri láti ìlú dé ìlú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Bí a bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa lọ sí ìlú onílùú, owó ọkọ̀ la kọ́kọ́ máa ń sọ, a ó sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì, a ó sọ ti jẹ́sì. Ó tán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé níbo la máa jókòó sí bí a bá débẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán tí bọ́ọ̀lù kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́rin. Èmi gbà pé ìbéèrè yìí gan-an ló ń pinnu bóyá ara yóò le padà délé. Ìjà bọ́ọ̀lù kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lórí àga pápá ìṣeré. Títì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn ará Ìlú Ọba ti ń ṣe eléyìí tipẹ́, ẹ jẹ́ ká wo tiwọn. Nínú ìdíje Premier League, ẹgbẹ́ onílé gbọ́dọ̀ ya àga 3,000 sọ́tọ̀ fún àlejò, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bí pápá wọn bá kéré. Láti sáà 2016/17, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kò gbọdọ̀ kọjá £30. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Sátidé lọ sí ìlú tí wọn kò ní ẹbí sí. Bí wọ́n bá ti sọ̀, ilé ọtí ni wọ́n ń wá. Ilé ọtí kan lè jẹ́ ti onílé nìkan, èkejì sì máa ń gba àlejò. Ẹnìkan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí o mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ jáde, á wo apá ibi tí àga rẹ wà, á sì sọ fún ọ bóyá kí o wọlé tàbí kí o lọ sí ilé kejì. Kò sí èébú níbẹ̀. Nítòsí Anfield ní Liverpool, ilé ọtí kan wà tó ń jẹ́ The Arkles tí àwọn àlejò mọ̀ dáadáa. Pápá Griffin Park tí Brentford lò láti 1904 títí di 2020 tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ilé ọtí wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn alátìlẹyìn láti gbogbo ilẹ̀ náà fẹ́ràn àtilọ síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ wọn tilẹ̀ máa fìdí rẹmi.

Ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kí ètò yìí tó dúró. Ní 1980, lẹ́yìn àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Scotland, àwọn alátìlẹyìn Celtic àti Rangers ya wọ orí pápá Hampden, wọ́n sì gbá ara wọn nígbá-n-rìbá. Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin lé ọtí kúrò ní pápá ìṣeré Scotland. Ní oṣù karùn-ún 1985, èèyàn 39 kú nínú wàhálà àwọn alátìlẹyìn bọ́ọ̀lù ní pápá Heysel ní ìlú Brussels. Lọ́dún yẹn náà ni Ìlú Ọba ṣe òfin pé ọtí kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yá fún ìrìn àjò bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu ún níbi tí ojú rẹ̀ ti ń rí pápá. Ẹni tó bá fẹ́ mu, kó mu ún kó tó wọlé. Bí ilé ọtí ìta pápá ṣe di ibi ìpéjọ àlejò nìyẹn, kì í ṣe ọtí nìkan ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí òfin ọtí tàn yín jẹ. Ní oṣù kẹrin 1989, Liverpool àti Nottingham Forest pàdé ní Hillsborough ní ìlú Sheffield. Àlejò ni àwọn méjèèjì níbẹ̀. Ìfúnpọ̀ èrò lẹ́yìn àwọ̀n gòólù pa èèyàn 97 nígbẹ̀yìn. Kíá ni àwọn ọlọ́pàá kan àti ìwé ìròyìn kan ti kéde pé àmupara ló fà á. Ọdún 27 ni àwọn ẹbí òkú fi jà kí ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà tó sọ ní 2016 pé àwọn alátìlẹyìn kò jẹ̀bi, pé àṣìṣe àwọn ọlọ́pàá tó darí èrò wà lára ohun tó pa wọ́n. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwa náà yára láti sọ pé “wọ́n ti mu yó” nígbàkígbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ṣètò ọ̀nà àbáwọlé, àti pé níbo ni wọ́n ní kí àlejò dúró sí.

Ó yá, ilé wa. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń sábà jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá fi máa fọn fèrè ìparí, aago mẹ́fà ti ń kan. Ẹni tó wá láti Adó lọ sí Àkúrẹ́ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, torí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò jìn. Ẹni tó lọ sí Ìbàdàn ńkọ́? Yóò gba Iléṣà, yóò gba Ìta-Awúrẹ́ àti Àràmọkọ, òru ni. Ẹni tó lọ sí Bìní yóò gba Ifọ̀n àti Ọ̀wọ̀ padà, òru náà ni. Ní oṣù kẹta 2015, àwọn adigunjalè yìnbọn lu ọkọ̀ Kano Pillars lọ́nà Lọ́kọ́jà nígbà tí wọ́n ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òwèrè. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ló fara gbọta. Ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn. Alátìlẹyìn tó wà nínú bọ́ọ̀sì èlérò méjìdínlógún kò ní ààbò tó tó tiwọn.

Nítorí náà, ibi ìjókòó méjì ni kí ẹ máa wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ kí ó sún mọ́ pápá, kí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ. Ti ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́bàá gáréèjì, tàbí nínú ilé tí ẹ máa sùn mọ́jú. Ẹ sanwó yàrá náà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má bàa máa wá ibùsùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn ní ìlú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ borí wọn.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó dáa ní ìlú tí a kò mọ̀? Èmi kì í béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ lọ bá ìyá olóúnjẹ tó jẹ́ Yorùbá nítòsí gáréèjì. Kò sí ìlú ńlá ní Nàìjíríà tí kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì tó ń ṣèpàdé. Ẹ kí i, ẹ jẹun, ẹ sanwó, kí ẹ tó wá sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bọ́ọ̀lù la bá wá, níbo la lè jókòó sí tí wọn ò ní dà wá láàmú?” Ó mọ ilé ọtí tí àwọn ọmọ ìta ń jókòó sí, ó sì mọ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ẹni tó ni ilé, ẹ kí i kí ẹ tó jókòó, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àlejò ni yín àti iye tí ẹ jẹ́. Onílé tó ti mọ̀ yín kò ní fẹ́ kí wọ́n fọ́ ìgò sí yín lórí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ máa sanwó bí ẹ ṣe ń gba nǹkan. Kí jẹ́sì wà nínú báàgì títí ẹ ó fi mọ irú ibi tí ẹ wà. Kí awakọ̀ yín má fi ẹnu kan ọtí rárá. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Kánò, òfin Ṣàríà kò gba ọtí láàyè. Àdúgbò Sábọ̀n Gàrì ni ẹ ti máa rí ilé ọtí, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí Yorùbá púpọ̀. Ẹ má gbé ìgò dání lọ sí pápá Sani Abacha. Ní Enugu, bọ́ọ̀lù kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Rangers tó jẹ́ ẹgbẹ́ Enugu àti àwọn ará Ìbàdàn ti ń bá ara wọn fà á tipẹ́tipẹ́, débi pé ní 1977, nígbà tí Rangers àti IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn pàdé nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, Kàdúná ni wọ́n ti gbá ìpele kejì, pẹnáritì ni Rangers sì fi borí. Ní pápá Adamásíngbà ní Ìbàdàn, ẹ máa rò pé Yorùbá ni gbogbo wa. Yorùbá ni wá lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá ti la ẹnu, wọ́n ti mọ̀ pé Èkìtì ni yín. Ẹ má fi í pamọ́. Ohùn wa dára.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa. Pápá wa ní Adó ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọmọ wa tó gba fàdákà eré ìje 4x100m fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992, tí ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa ní Amẹ́ríkà ní 1994. Àlejò ni òun náà níbi tó ti gba àmì ẹ̀yẹ, àlejò ló sì jẹ́ níbi tó kú sí. Ṣé ó yẹ kí àlejò wá sí pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kó máa rìn kiri títì bí ẹni tó ṣìnà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé. Àwọn ará Àkúrẹ́ ń gba Ajílósùn. Àwọn tó ti Ìbàdàn àti Òṣogbo ń gba Ìyìn já sí Basírì. Àwọn tó ti Ìlọrin ń gba Ifàkì já sí Adébáyọ̀. Mo fẹ́ kí a rí ilé oúnjẹ tàbí ilé ọtí kan lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kí a bá onílé sọ̀rọ̀, kí a sì fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn alátìlẹyìn tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá iyán gbígbóná, kí àga wà, kí ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ wa wà níbẹ̀ tí yóò sìn wọ́n dé pápá, tí yóò sì sìn wọ́n padà sídìí ọkọ̀. Onílé á pa owó, àwa náà á sì mọ ibi tí àlejò wa wà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, bàbá kan béèrè pé ṣé kì í ṣe pé à ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọtí mímu. Bàbá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í mu ún. Mo pè é ní ilé ọtí nítorí pé ibẹ̀ ni àga, iná àti tẹlifíṣọ̀n wà. Ilé oúnjẹ tó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ti tó.

Ọmọbìnrin kan tó ń bá Ekiti Queens rìn sọ pé òun kì í lè jókòó sí ilé ọtí nílùú onílùú, wọ́n á fojú mìíràn wo òun, ìgbà míì kò tilẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin lè lò. Òótọ́ ló sọ, n kò sì fi kún ọ̀rọ̀ mi tó bó ṣe yẹ. Ìdáhùn mi ni pé kí ilé mẹ́ta tí a máa yàn ní Adó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, kí obìnrin sì wà lára àwọn tó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ó ní Basírì lòun máa ti bẹ̀rẹ̀.