Ẹ Má Tíì Fún Ọ̀gá Ní Lẹ́tà Yẹn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tàbí tí ẹ ti lé, tí Olúwa ń pè sí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní kíkún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mọ ohùn Ọlọ́run. Ẹ ti gbàdúrà sí i, pásítọ̀ yín ti gbọ́ sí i, ó ti dá yín lójú. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí gbogbo wa ti ń ṣubú.

Lẹ́tà ni. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Èèyàn á ti ìṣọ́ òru dé, ara rẹ̀ á gbóná, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, lẹ́tà ti dé orí tábìlì ọ̀gá. Tí ẹ bá ní ṣé ìyàwó rẹ̀ gbọ́, á ní, "Èmi l'Ọlọ́run pè, kì í ṣe ìyàwó mi." Háà! Ẹ gbé Bíbélì yín. Ẹkísódù orí kẹrin, ẹsẹ kejìdínlógún. Gbogbo wa la mọ igbó tó ń jó tí kò jóná. Gbogbo wa la mọ ọ̀pá tó di ejò. Ta ló ń wàásù lórí ẹsẹ kejìdínlógún? Mósè tó ti rí iná, tó ti gbọ́ orúkọ Ọlọ́run látẹnu Ọlọ́run, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún, ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ Jẹ́tírò. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni Jẹ́tírò, òun náà ló tún ni àgùntàn tó ń dà. Àna àti ọ̀gá, ẹnì kan ṣoṣo! Mósè ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kóun máa lọ. Jẹ́tírò ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ìgbà yẹn ló tó gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

ILÉ NÁ, KÓ TÓ KAN LẸ́TÀ. Mo tún un wí: ILÉ NÁ, KÓ TÓ KAN LẸ́TÀ!

Èmi fúnra mi ṣe àṣìṣe yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fi lẹ́tà tèmi sílẹ̀, màmá Dámi ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo ní mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ṣa òkúta kan, ó sọ ọ́ sínú ọmọrí ìkòkò, kán! Ó ṣa òmíràn, kán! Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Dámi, ṣé ẹ ti fún wọn ni, àbí ẹ fẹ́ fún wọn?" Mo ní mo ti fún wọn. Ó ní, "Ó dáa." Ó dáa yẹn, oṣù mẹ́jọ ló bá wa gbélé. Kò sì kọ ìpè náà o. Ó ní òun ì bá bá mi gbààwẹ̀ sí i ni.

Ẹ wò ó, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀kadà ni. Ibi tóóró, ó ti yí padà. Àwa? Tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì! Owó iléèwé ọmọ wà lẹ́yìn, gbèsè alájẹṣẹ́kù wà lẹ́yìn. Ẹ ti rí tírélà tó fẹ́ yí padà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó rí: mọ́tò-bọ́ì á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, á máa dá ọkọ̀ dúró, dírẹ́bà á wá máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Adébóyè ńkọ́? 1981 ni wọ́n di Alábòójútó Àgbà ìjọ Ìràpadà. Ṣé ọjọ́ kejì ni wọ́n kúrò ní Yunifásítì Ìlọrin? Rárá o! 1984 ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ìṣirò, tí wọ́n tún ń darí ìjọ.

Owó ìfẹ̀yìntì, kíákíá. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti 2014, tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì pé 50 ọdún, 25% owó tó wà lórúkọ yín lẹ lè gbà mọ, ìyẹn náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí ẹ ò ríṣẹ́ mìíràn. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó ka ẹsẹ ẹyẹ ojú ọ̀run fún mi. Ẹ sì bi ìjọ yín bóyá wọ́n ń gba ọjọ́ orí yín sí iléèwé ìsìn, kí ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n lè gbé yín lọ.

Ta ló wà nínú kíṣìnì yín báyìí? Ẹ pa fídíò yìí, ẹ lọ bá a.